Olójòóró, Dìde Kí O Gbọ́ Ẹ̀sùn Rẹ

Mi ò ní dárúkọ rẹ, nítorí ìwọ nìkan kọ́. Ẹ pọ̀ tí ẹ máa ń wọ gbọ̀ngàn ìdíje Warhammer 40,000 láàárọ̀ Sátidé, tí ẹ ó tú àpótí ọmọ ogun yín sórí tábìlì, tí ẹ ó bọ ẹni tí ẹ fẹ́ bá ta lọ́wọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, tí ẹ ó sì ti máa jà á lólè kí ọ̀sán tó pọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ yín. A máa ń sọ̀rọ̀ yín nídìí ọtí lálẹ́ ọjọ́ ìdíje, a ó rẹ́rìn-ín, a ó ní "ìṣe rẹ̀ nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀", ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, a ó sì tún kí yín káàárọ̀. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀sùn rẹ rèé, mo ń kà á sí ọ létí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o má baà sọ pé ẹ̀yìn rẹ la ti rojọ́ rẹ.

Àwọn tí kò mọ eré yìí náà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a ń jà lé lórí. Èèyàn méjì ló ń ta á, lórí tábìlì tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 44, tí òòró rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 60, tí a to àwókù ilé kéékèèké sí káàkiri. Oníkálukú á kó ọmọ ogun oníke tirẹ̀ wá, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tó fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kùn lọ́dà láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Gbogbo wọn ló ní iye pọ́ìntì tí a fi sí wọn lórí, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá 2,000. Téèpù la fi ń wọn ìrìn, dáìsì ló ń sọ ẹni tó kú àti ẹni tó yè. Ìpele márùn-ún ni géèmù kan, ó lè gba wákàtí mẹ́ta, nínú ìdíje ńlá a sì máa ń ta géèmù márùn-ún láàárín Sátidé sí Sọ́ńdè. Games Workshop ló ni ín, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Nottingham; 1983 ni Warhammer àkọ́kọ́ jáde, 1987 ni 40,000 tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń kọjá lọ lè pè é ní eré ọmọdé. Ẹni tó gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, tó wọ ọkọ̀ ojú irin, tó san owó hòtẹ́ẹ̀lì àti owó ìforúkọsílẹ̀ nítorí rẹ̀ kò ní pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọ̀dọ́ ológun Prussia kan, Reisswitz, gbé òfin eré ogun tirẹ̀ jáde ní 1824, adájọ́ ló fi sí àárín. Àwọn tó ń ta á kàn ń kọ àṣẹ wọn sínú ìwé ni. Adájọ́ ló ń gbé ọmọ ogun, òun ló ń wọnlẹ̀, òun ló ń ju dáìsì. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Adájọ́ wa kì í ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ nínú gbọ̀ngàn tí tábìlì kún fọ́fọ́, wọn kì í sì í yà sọ́dọ̀ ẹni àfi tí a bá nawọ́ pè wọ́n. Lórí tábìlì, alátakò rẹ ni adájọ́ rẹ, ìwọ náà sì ni tirẹ̀. Òun ló ń bá ọ ka dáìsì, ìwọ lo ń bá a wo téèpù. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fojú kékeré wo ohun tí ò ń ṣe. Ìwọ tí a fi ṣe adájọ́ lo ń jí ẹrù ẹni tó dúró níwájú rẹ.

Ẹ̀sùn kìíní: o jí íǹṣì.

Mo ti dúró kọjú sí ọ, mo sì wo ọwọ́ rẹ dáadáa. Àwọn ọmọ ogun rẹ kan fẹ́ já bọ́ látojú ọ̀run sẹ́yìn tèmi. Òfin ẹ̀dà kẹwàá, tó jáde ní 2023, kò fi igbá kan bọ̀kan nínú: ibi tí wọ́n bá balẹ̀ sí gbọ́dọ̀ fi ohun tó ju íǹṣì 9 lọ jìnnà sí ọ̀tá. Lẹ́yìn náà, tí wọ́n bá fẹ́ kọlù mí, o máa ju dáìsì méjì. Iye tó bá jáde ni íǹṣì tí wọ́n lè sá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ mi tó íǹṣì kan. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí wọ́n bá ju íǹṣì 9 lọ lóòótọ́, bó ti wù kó kéré tó, 8 kò lè gbé wọn débẹ̀, àfi 9. Ọ̀nà 36 ni dáìsì méjì lè gbà balẹ̀. 10 péré nínú rẹ̀ ló ń mú 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá balẹ̀ sí íǹṣì 9 géérégé, tàbí tó fi bí èékánná dín, 8 ti tó wọn, ọ̀nà 10 sì ti di 15. Bí èékánná lásán.

O na téèpù. O fi àtàǹpàkò bo ibi tí a kọ 9 sí. O jẹ́ kí téèpù náà dàgẹ̀rẹ̀, kó má baà lọ tààrà sọ́dọ̀ ọmọ ogun mi, o gbé tìrẹ kalẹ̀, o sì ti ká téèpù padà kí n tó tẹ orí wò ó. O ní, "Mẹ́sàn-án àti díẹ̀, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ta ló fẹ́ dúró jà lórí díẹ̀? O ju dáìsì: 5 àti 3. Mo mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn lo tún na téèpù náà, lọ́tẹ̀ yìí ó tọ́ gbọnrangandan, o wá ní, "Ẹ wò ó, ó mà dé!" Tí 8 bá dé, a jẹ́ pé ibi tí kò tọ́ lo balẹ̀ sí látìbẹ̀rẹ̀. Téèpù kan náà, ọwọ́ kan náà, ọmọ ogun tí kò tíì yẹsẹ̀: ó jìnnà nígbà tó ń balẹ̀, ó sún mọ́ nígbà tó ń kọlù.

Ọgbọ́n rẹ kejì kò tilẹ̀ la téèpù tó dàgẹ̀rẹ̀ lọ. Orí ìtẹ̀lẹ̀ roboto ni ọmọ ogun máa ń dúró. Ti àwọn ọmọ ogun tí a ń pè ní Space Marine fẹ̀ tó mílímítà 32, ìyẹn íǹṣì kan àti díẹ̀. Iwájú ìtẹ̀lẹ̀ ló yẹ kí a ti wọn ìrìn rẹ̀, kí a sì gbé iwájú yẹn náà lé ojú àmì. Ìwọ á wọ̀n ọ́n láti iwájú, o ó wá gbé ẹ̀yìn rẹ̀ lé e. Ìrìn kan, íǹṣì kan àti díẹ̀. Tó bá fi máa di ìpele karùn-ún, o ti jí ju íǹṣì mẹ́fà lọ, mẹ́fà sì ni Space Marine ń rìn lẹ́ẹ̀kan. Géèmù ẹlẹ́ẹ̀marùn-ún la jọ ń ta. Ìwọ rìn lẹ́ẹ̀mẹ́fà.

O máa ń ní ọwọ́ rẹ ló gbọ̀n, pé ọmọ ogun pọ̀, pé kò sí ẹni tó lè wọn gbogbo rẹ̀ láìṣì í wọ̀n. Mo gbà. Ọwọ́ tèmi náà máa ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá ń gbọ̀n lóòótọ́ á máa tì síwájú lónìí, á máa fà sẹ́yìn lọ́la. Tìrẹ kì í fà sẹ́yìn.

Ẹ̀sùn kejì: o kó dáìsì nílẹ̀ kí ojú tó rí i.

Ìbọn àwọn ọmọ ogun rẹ máa ń mú kí o ju dáìsì 20 tàbí 30 lẹ́ẹ̀kan náà, kí a tó wá ṣa èyí tó bá ibi tí a ń lé. Olóòótọ́ á yọ àwọn tó kùnà kúrò, á fi àwọn tó bá a sílẹ̀ kí èmi náà lè kà wọ́n. Ìwọ, wàrà lo ń fa gbogbo rẹ̀ mọ́ra, o ó ní "méjìdínlógún", o ó sì ti máa ju ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Tí mo bá ní kí o fi sùúrù ṣe é, o ó wò mí bí ẹni pé mo pè ọ́ lólè. Èmi ò tíì pè ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Dáìsì tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ńkọ́, èyí tó gun ẹ̀gbẹ́ ilé tàbí tó dúró lé ẹsẹ̀ ọmọ ogun? Kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí a ti fohùn ṣọ̀kan pé a ó tún un jù. Ìwọ kì í sọ tìrẹ títí tí wàá fi rí iye tó mú wá. Tó bá jẹ́ mẹ́fà, ó jókòó dáadáa. Tó bá jẹ́ oókan, ó fẹ̀gbẹ́. Àwọn kan nínú yín tún ní dáìsì tó ní àwòrán dípò mẹ́fà, àti òmíràn tó ní àwòrán dípò oókan, wọ́n á wá da méjèèjì pọ̀ nínú àpò kan. Ti dáìsì tí wọ́n ki nǹkan sínú, mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀: ó ṣọ̀wọ́n, omi iyọ̀ inú ife kan sì ti tó láti tú àṣírí rẹ̀. Olójòóró tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbé ẹ̀rí sápò.

Ẹ̀sùn kẹta: o jí àkókò.

Èyí lolórí ẹ̀sùn, torí òun ló nira jù láti mú. Wákàtí mẹ́ta jẹ́ ti àwa méjèèjì, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni ìpín rẹ. Àwọn ọmọ ogun tí o kó wá jẹ́ irú èyí tó máa ń ṣe bẹbẹ ní ìpele kìíní àti ìkejì, tí wọ́n máa ń tán nílẹ̀ tó bá di ìkẹrin. O ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó kúrò nílé. Nítorí náà o ń yára ní ìbẹ̀rẹ̀, ara rẹ yá gágá. Gbàrà tí o ti fi pọ́ìntì díẹ̀ ṣíwájú, ara rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. O ṣí ìwé òfin tí o ti mọ̀ lórí. O ka dáìsì, o tún un kà. O sún ọmọ ogun kan síwájú, o ronú, o fà á padà. O ní kí n dákun dúró, o fẹ́ lọ tọ̀. O dé, o ní, "Ta ló kàn ná?" Nígbà tí wọ́n kéde pé àkókò ti pé, ìpele kẹta la ṣì wà, ìwọ lo wà níwájú, ìwé èsì sì kọ orúkọ rẹ sí ẹni tó jáwé olúbọrí. Ta ló fẹ́ mú ọ? Ó ṣe tán, kò sí òfin tó ní kí ènìyàn má tọ̀.

Ìwà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, oògùn rẹ̀ náà kì í sì í ṣe tuntun. H. G. Wells tẹ *Little Wars* jáde ní 1913. Ọmọ ogun òjé àti ìbọn ńlá kékeré tí wọ́n ń yìn lóòótọ́ ló fi ń ṣeré tirẹ̀, ó sì ti fi gbèdéke àkókò sí ìrìn kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ta Warmachine, eré mìíràn tó jáde ní 2003, kò tilẹ̀ fi tàánútàánú ṣe é: nínú ìdíje wọn, oníkálukú ní aago tirẹ̀, ẹni tí aago rẹ̀ bá tán ti pàdánù nìyẹn, bó wù kí ó máa ṣíwájú. Àwa tiẹ̀ lọ́ tìkọ̀. Ó di ìgbà tí àríyànjiyàn lórí àkókò ṣẹlẹ̀ níwájú kámẹ́rà ní ìdíje Las Vegas Open ti 2018, tí ariwo rẹ̀ sì gba ìgboro kan, kí aago chess tó di ohun tí a ń rí lórí tábìlì wa. Lónìí, ní ibi tó pọ̀, tí alátakò bá ní kí a lo aago, ìwọ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀.

O sì ti rí ọ̀nà gbé e gbà. Nígbà tí aago bá ń ka ìpín tèmi ni ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ lẹ́nu rẹ. O fẹ́ kí n ṣàlàyé òfin. O fẹ́ rí lísìtì àwọn ọmọ ogun mi. O fẹ́ mọ irú ọ̀dà tí mo fi kùn ọmọ ogun mi, torí pé ó wù ọ́ gan-an ni. Tó bá kan ọ́, o ó dákẹ́ roro. Ẹjọ́ "ọmọ ogun mi ló pọ̀", tí ó jẹ́ àwíjàre rẹ àtayébáyé, kò wọlé sí mi létí: ta ló fi ipá mú ọ kó ọmọ ogun 150 wá síbi tí wákàtí kan àti ààbọ̀ ti jẹ́ tìrẹ? Ẹni tó bá máa kó wọn wá, kó ti fi wọ́n dánra wò nílé.

Ẹ̀sùn kẹrin: o dákẹ́ níbi tó yẹ kí o ti sọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé a máa jiyàn lórí èyí. Àwọn kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gbà pé ojúṣe oníkálukú ni láti mọ òfin, pé ìdíje kì í ṣe kíláàsì, pé ẹni tó bá kó sínú ọ̀fìn ló kó ara rẹ̀ sí i. Bóyá wọn ì bá jàre tí ìwé kan ṣoṣo bá wà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà nínú eré yìí ju 20 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, Games Workshop sì ń tún wọn ṣe léraléra láàárín ọdún kan. Kò sí ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àṣà rere kan fi wà láàárín àwọn tó ta á dénú: kí o sọ ohun tí o ní lọ́kàn jáde. "Mo fẹ́ gbé e síbí kí ìbọn rẹ má lè rí i. Ṣé a jọ gbà pé kò rí i?" Mo gbà, o gbà, a ń bá a lọ, kò sẹ́ni tó máa dọ̀bálẹ̀ fojú wọn ìlà lójú ìbọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i.

Ìwọ ńkọ́? Ọmọ tuntun kan, ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́, gbé olórí ogun rẹ̀ dání, ó bi ọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá sún mọ́ yín báyìí, ǹjẹ́ nǹkan kan wà tí ẹ lè fi ṣe mí?" O mọ̀ pé ó wà. Àwọn ọmọ ogun rẹ wà lára àwọn tó lè ṣí kúrò lójú kan nígbà tí ọ̀tá bá súnmọ́ wọn, tí ìrìn rẹ̀ á fi já sófo. O ní, "Ohun tó bá wù ọ́ ni kí o ṣe." Ó gbé olórí ogun náà kalẹ̀, o rẹ́rìn-ín músẹ́, o sì kó àwọn ọmọ ogun rẹ lọ. Èmi ò sọ pé kí o kọ́ ọ ní bí yóò ṣe nà ọ́. Ó bi ọ́ léèrè ohun tí òfin ní kí o má fi pa mọ́, o sì fi ìdáhùn tó jọ ìdáhùn dá a lóhùn. Irọ́ nìyẹn, bó ti wù kí o wẹ̀ ẹ́ mọ́ tó.

Ẹ̀sùn karùn-ún kò gùn. Lísìtì rẹ ju 2,000 lọ, o ní o gbàgbé, bẹ́ẹ̀ fóònù ló ń bá gbogbo wa ṣírò rẹ̀. O gba pọ́ìntì 10 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nínú 100 fún ẹni tó kun ọmọ ogun rẹ̀ tán, ó sì hàn gbangba pé àwọn tó wà lẹ́yìn ṣì funfun báláú. O ki ọmọ ogun rẹ ní ẹsẹ̀ bọlẹ̀, o jẹ́ kí ó lóṣòó ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, kí ìbọn má baà rí i lẹ́yìn ògiri. Ká tẹ̀ síwájú.

Ẹ̀sùn kẹfà: o fi máàkì ìwà rere ṣe ohun ìjà.

Èyí ló bí mi nínú jù. Àwọn àgbà inú eré yìí rí ìwà rẹ tipẹ́, wọ́n sì wá ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n ní ẹni tó máa gba ife ńlá kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó kàn borí nìkan. Máàkì ogun á wà, máàkì ọ̀dà á wà, alátakò rẹ á sì fún ọ ní máàkì ìwà. Ìpinnu rere ni. Wọn ò mọ̀ pé ìwọ ni wọ́n ń gbé kóńdó lé lọ́wọ́. Mo nà ọ́, a bọwọ́, o ní "géèmù náà dùn gan-an ni", o yí ẹ̀yìn padà, o sì kọ òdo síwájú orúkọ mi. Kì í ṣe pé mo hùwà kan. O kàn ṣírò rẹ̀ ni: tí máàkì mi bá wálẹ̀, ipò tìrẹ á gòkè. Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ fún un, "chipmunking" ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń fi ẹranko kékeré kan ṣeré. Ẹni tí o kọ òdo fún kò rí ohun eré kankan nínú rẹ̀. Ó ń lọ sílé lálẹ́ Sọ́ńdè, ó ń da gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ rò láti àárọ̀ Sátidé, ó ń wá ibi tó ti ṣẹ̀ ọ́.

Ọ̀pọ̀ ìdíje ti pa máàkì náà rẹ́ nítorí yín. Wọ́n fi ìbò rọ́pò rẹ̀: ní òpin ìdíje, oníkálukú á dárúkọ ẹni kan tó gbádùn láti bá ta jù nínú gbogbo wọn. Ìbò kò lè rẹ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, gbígbé ga nìkan ló lè gbé ni. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gba ibẹ̀ lọ: ọ̀nà kan ṣoṣo tí alátakò rẹ fi lè sọ sínú ìwé pé o ṣe é níbi. Ìwọ lo ba ohun tí wọ́n fi máa mú ọ jẹ́.

Ẹ̀sùn keje: ẹnu rẹ. O ń gbá dáìsì mọ́lẹ̀. O ń ṣépè fún ọmọ ogun oníke. O ti kó ọmọ ogun rẹ sínú àpótí ní ìpele kejì torí pé nǹkan kò lọ bó o ṣe fẹ́, o fi ẹni tó wọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn sílẹ̀ kó máa wo tábìlì òfìfo fún wákàtí méjì. Tó bá jẹ́ obìnrin ló kọjú sí ọ, o ó máa ṣàlàyé òfin tó mọ̀ jù ọ́ lọ fún un. Tó bá jẹ́ ọmọdé, o ó sún mọ́ ọn, o ó gbóhùn sókè díẹ̀, títí tí yóò fi gbà fún ọ kí ó lè bọ́. Adájọ́ kì í kọ èyí sílẹ̀, torí pé ohùn kì í fi àmì sílẹ̀ lórí tábìlì.

Mo fẹ́ yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ díẹ̀. Ẹ̀yin olùṣètò ìdíje, ẹ má jókòó bí ẹni pé ẹjọ́ yìí kò kàn yín. Ẹ mọ olójòóró yín. Orúkọ rẹ̀ ti dé etí yín látẹnu ènìyàn tó pọ̀, ẹ sì tún gba owó rẹ̀ ní ìdíje tó tẹ̀ lé e. Káàdì yẹ́lò àti rẹ́ẹ̀dì wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn nínú yín. Inú àpò ló ń gbó sí. Tábìlì méjì tó wà níwájú pátápátá lẹ ń gbé kámẹ́rà sí, ibẹ̀ náà nìkan sì ni ẹ ti ń rí ìrẹ́jẹ, bí ẹni pé ẹni tó wà ní tábìlì ogójì kò sanwó kan náà. Ẹ̀rù ìjà ló ń bà yín, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ̀rù yẹn lè gbé ènìyàn dé. Ní 2021, ní Talavera lórílẹ̀-èdè Spain, ọkùnrin kan wọ aṣọ tó ní àmì àwọn Nazi wá síbi ìdíje Warhammer, wọn ò sì lé e. Àmì Nazi! Ó di kí Games Workshop fúnra rẹ̀ gbé ìkéde jáde ní oṣù kọkànlá ọdún náà pé ẹni tó bá gbé àmì ẹgbẹ́ oníkòórìíra wá sí ilé ìtajà tàbí ìdíje tiwọn máa bá ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ọmọ ogun oníke ló wá sọ ohun tí ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn mú kò lè sọ. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti lè sọ fún aláṣọ Nazi pé "jáde", ta ló máa sọ ọ́ fún ẹni tó jí íǹṣì kan?

Àwa tó kù náà ńkọ́? Ẹni gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Nídìí ọpọ́n ayò, òǹwòran kì í panu mọ́. Ọ̀ta àti òpè ń ta, àwọn tó yí wọn ká ń dá sí i, wọ́n ń bú wọn, wọ́n ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ọmọ ayò jẹ́ 48, ẹni tó bá fi ẹyọ kan pamọ́ sáàárín ìka máa gbọ́ oríkì tí kò bá a bí kí ó tó kawọ́ kúrò nínú ihò. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n kọ́ òǹwòran pé kí ó má dá sí géèmù ẹlòmíràn. Òfin náà mọ́gbọ́n dání, kí ọ̀rẹ́ má baà máa ta géèmù fún ọ̀rẹ́. A ti wá sọ ọ́ di ibi ìsápamọ́ sí. Mo ti rí àwọn tó dúró lẹ́yìn ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ, tí wọ́n rí ìtẹ̀lẹ̀ tó fò kọjá àmì, tí wọ́n wo ara wọn lójú, tí wọ́n sì lọ ra tíì. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n má rìn lọ bá adájọ́, kí wọ́n rọra sọ fún un pé kó wá dúró sí tábìlì yẹn díẹ̀. Wọn ò lọ torí pé olójòóró náà dùn ún bá ṣeré, torí pé ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, torí pé ní oṣù tó ń bọ̀ òun ló máa fi mọ́tò gbé wọn lọ sí ìdíje.

Ìjìyà tí mo ń béèrè fún kò le. Mi ò ní kí wọ́n lé ọ títí ayé. Mo ti rí ẹni tó ń jí íǹṣì nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tó sì ti di ẹni tí gbogbo ènìyàn ń dìbò fún báyìí. Kí aago wà lórí gbogbo tábìlì láti géèmù àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe béèrè fún un bí ẹni tó ń tọrọ. Kí káàdì yẹ́lò tí o bá gbà ní ìlú kan tẹ̀ lé ọ dé ìlú kejì, kí olùṣètò ibẹ̀ rí i kí ó tó gba orúkọ rẹ. Kí wọ́n gba pọ́ìntì géèmù tí wọ́n ti mú ọ, kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ fún ẹni tí o rẹ́ jẹ. Lẹ́yìn náà, kí a ka àwọn tó bá ọ ta lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, kí a dá owó ìforúkọsílẹ̀ wọn padà fún wọn lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, kí owó náà sì ti àpò rẹ jáde. Mo gbọ́ pé o máa ń ní eré lásán ni. Tó bá jẹ́ eré lásán ni, owó díẹ̀ kò ní dùn ọ́.